Orúkọ Tí Mo Ń Jẹ́ ní Géètì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí Ọlọ́run kí n tó kí yín, torí láti ọdún mẹ́rin tẹ́ ẹ ti ń kí mi nínú ìjọ yìí, orúkọ tẹ́ ẹ fi ń kí mi kì í ṣe tèmi. Òun nìkan ló mọ̀, kò sì dójú tì mí. Baba, mo dúpẹ́ pé O ní sùúrù fún mi.

Orúkọ mi ni Morẹ́nikẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wo ara yín. Sister Fúnmi lẹ mọ̀ mí sí. Ìyá Tóyìn tó mú mi wá sí ìjọ yìí gan-an, Sister Fúnmi ni wọ́n ń pè mí títí di oṣù tó kọjá. Ẹ fara balẹ̀, mo máa sọ ọ́ tán pátá, ẹ ó sì bá mi yọ̀.

Ọjọ́ Tuesday kan ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ọ̀sán tán. Mo ń to bísíkíìtì sínú páálí. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní àdúgbò Ọgbà. Ẹ̀rọ á máa tu ú jáde, èmi àti Ìyá Tóyìn á kojú sí ara wa, a ó máa tò ó ní méjìlá méjìlá, a ó máa lẹ páálí pa. Ọwọ́ èèyàn ò gbọdọ̀ dúró, torí ẹ̀rọ ò mọ̀ pé imú ń yún ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni sùpáfáísọ̀ wa, ọ̀gá Láwálé, yọ sí wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọkùnrin yẹn kì í rẹ́rìn-ín. Tó bá wá sí ìdí ẹ̀rọ yín, ẹ̀rù lẹ máa kọ́kọ́ bà.

Ó ní, "Fúnmiláyọ̀, fi ìyẹn sílẹ̀, máa bọ̀."

Ìyá Tóyìn ní, "Kí lo tún ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan o."

Ọ̀gá Láwálé ní, "Wọ́n fẹ́ sọ káṣúà mẹ́wàá di sítáàfù. Orúkọ ẹ ló ṣáájú. Thursday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ máa lọ buwọ́ lùwé lọ́dọ̀ H.R."

Ẹni tí ò bá ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Káṣúà lẹni tí wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀ ní géètì láràárọ̀. Tí wọ́n bá pè é, ó wọlé. Tí wọn ò bá pè é, ó padà sílé. Tí ara ọmọ ẹ bá ń gbóná, o máa yan ọ̀kan ni, ọmọ tàbí géètì. Sítáàfù kì í dúró ní géètì. Tí ara sítáàfù tàbí ọmọ ẹ̀ ò bá yá, ilé iṣẹ́ á fi í ránṣẹ́ sí ọsibítù. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dúró ní géètì yẹn, nínú oòrùn àti nínú òjò.

Mo pariwo. Ìyá Tóyìn dì mọ́ mi, wọ́n gbé mi yípo, a sì gbàgbé ẹ̀rọ. Bísíkíìtì ń já bọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wa, gbogbo láìnì ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Láwálé wò wá títí, ó ní, "Ẹ jó tán, kẹ́ ẹ wá ṣà á nílẹ̀."

Ìgbà tí mo wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì láti bọ́jú ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ débi tí mo fi gbọ́ orúkọ tó pè.

Fúnmiláyọ̀ ni ọmọ àbúrò bàbá mi. Ará Èkìtì ni wá, ilé kan náà la ti dàgbà, kíláàsì kan náà la wà. Èmi àti ẹ̀ jọra débi pé tíṣà máa ń na ẹni tí kò ṣẹ̀. Nígbà tí a ṣe ìdánwò àṣejáde sẹ́kọ́ńdírì, ó yege, èmi fìdí rẹmi. Kí ọdún tó yí po kí n tún un ṣe, mo ti lóyún. Bàbá ọmọ mi ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ síbi tó wà.

Láti ọjọ́ tí bàbá mi gbọ́ pé mo lóyún, wọn ò pe orúkọ mi mọ́. "Ọmọ yìí" ni wọ́n ń pè mí. "Ẹ sọ fún ọmọ yìí kó wá gbé abọ́." Àárọ̀ ọjọ́ kan, lójú gbogbo ilé, wọ́n ní, "Ì bá dára ká ní Fúnmiláyọ̀ lọmọ tèmi." Mo gbé oyún mi, mo wá bá àǹtí ìyá mi ní Agége. Ibẹ̀ ni mo bí Ìrètí sí, ọmọ mi obìnrin tẹ́ ẹ máa ń rí pẹ̀lú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí.

Nígbà tí Ìrètí lé ní ọdún kan, Fúnmiláyọ̀ náà wá sí Èkó, ó ń dúró de yunifásítì. Ó rí iṣẹ́ káṣúà ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì yìí. Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, yunifásítì gbà á, ó ń kó ẹrù. Ó bá na káàdì géètì ẹ̀ sí mi. Àwọn tó ń gba káṣúà nígbà náà, ẹni tí ìwé ẹ̀rí ẹ̀ pé nìkan ni wọ́n ń gbà, tèmi ò sì pé. Fúnmi ní, "Sáà máa lò ó. Fọ́tò yẹn ò hàn dáadáa, a sì jọra. Ta ló ń wo ojú èèyàn níbẹ̀?" Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó wò ó. Èmi nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Arákùnrin kan wà tí a jọ ń tò ní géètì, Múfútáù ni nílé, Sunday ni tó bá ti di aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀. Kì í ṣe orúkọ ẹ̀ gan-an ni mo sọ fún yín, ẹ má wulẹ̀ wá a kiri.

Mi ò ní purọ́ fún yín, orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Fúnmiláyọ̀ ò fìdí rẹmi rí. Fúnmiláyọ̀ ò fi oyún dójú ti bàbá ẹ̀. Tí wọ́n bá pè é ní géètì tí mo sì jẹ́, ńṣe ló dà bíi pé mo bọ́ aṣọ ìdọ̀tí sílẹ̀ lójú títì, mo wọ tuntun. Nígbà tí Ìyá Tóyìn mú mi wá síbí, tí ẹ fún mi ní káàdì àlejò, mo kọ Fúnmiláyọ̀ síbẹ̀. Orúkọ yẹn ni mo fi wọ ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọ̀dọ́. Òun lẹ fi ń gbàdúrà fún mi.

Ohun tó burú jù ni pé mo fi kọ́ ọmọ mi. Torí kí ọmọ má baà tú mi fó níwájú àwọn ará ibi iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe irun ẹ̀. "Tẹ́nikẹ́ni bá bi ẹ́ lórúkọ mọ́mì ẹ, kí lo máa sọ?" Ó á ní, "Fúnmiláyọ̀." Mo máa ní, "Ọmọ dáadáa." Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo ti sunkún ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé Tuesday yẹn. Ẹ̀yin náà rántí. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ẹni tí Ọlọ́run ṣe lóore lọ́sẹ̀ yẹn bọ́ síwájú. Mo jó débí, mo fa Ìrètí lọ́wọ́. Pásítọ̀ ní ká gbọ́wọ́ lé àyà, ká dijú, kí kálukú pe orúkọ ara ẹ̀ sí etí Ọlọ́run ní ẹ̀ẹ̀méje, ká tó sọ ohun tí a fẹ́. Bí a ti máa ń ṣe é náà ni.

Mo gbọ́wọ́ láyà. Mo dijú. Mo ní, "Fúnmiláyọ̀. Fúnmiláyọ̀. Fúnmiláyọ̀."

Ẹ̀yin ará, kò sí Ìyá Tóyìn létí mi nígbà yẹn. Kò sí géètì. Ariwo àdúrà bo gbogbo ilé, èmi àti Ọlọ́run nìkan la wà níbẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ló sì jáde lẹ́nu mi láìronú sí i. Mo fẹ́ pe tèmi. Ahọ́n mi wúwo bí ìgbà tí èèyàn ń gbìyànjú láti rántí orúkọ ẹni tó ti pàdé rí nígbà kan. Ìrètí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìka ka tiẹ̀, "Ìrètí ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Ìrètí ẹ̀ẹ̀kẹfà." Ó la ojú kan, ó fa aṣọ mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé Ọlọ́run náà ò gbọdọ̀ mọ̀ ni?"

Mo wó lulẹ̀. Àwọn àǹtí tó ń tọ́jú èrò sáré wá mú mi dání, ẹ rò pé ayọ̀ iṣẹ́ ló gbé mi. Kì í ṣe ayọ̀ iṣẹ́. Orí ilẹ̀ níbí yìí ni mo wà tí mo fi sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Morẹ́nikẹ́." Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Kì í ṣe ohùn bí ohùn èèyàn ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n nínú ọkàn mi kedere bí mo ṣe ń wò yín yìí, pé òun ni Ọlọ́run ń retí. Fúnmiláyọ̀ ti ní àwọn òbí tó ń gbàdúrà fún un. Morẹ́nikẹ́ tó fìdí rẹmi, Morẹ́nikẹ́ tí wọn ò pe orúkọ ẹ̀ mọ́ nílé bàbá ẹ̀, òun gan-an ni Jésù wá wá. Àlàáfíà tó bò mí, mi ò nírú ẹ̀ rí láyé mi. Mo dìde, mo jó. Ijó ìṣáájú, ti sítáàfù ni. Èyí, tèmi ni.

Mo sọ fún Ìyá Tóyìn lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ti ń dúró de kẹ̀kẹ́. Ìyá Tóyìn, ẹ má bojú, mo máa sọ ọ́.

Wọ́n ní, "Kí lo pe orúkọ ẹ?"

"Morẹ́nikẹ́, mà."

Wọ́n jókòó sórí ìbòrí gọ́tà. "O ti ń jẹ ẹ̀wà mi láti ọdún mẹ́rin, mi ò mọ orúkọ ẹ?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ò ṣiṣẹ́ ní H.R. Gbọ́ mi, lọ buwọ́ lùwé yẹn ná. Tó o bá ti di sítáàfù, wàá wá máa yí orúkọ padà díẹ̀díẹ̀."

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ yín náà ni ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Fúnmiláyọ̀ alára, nígbà tí mo pè é lórí fóònù, ní òun ò ní padà sídìí bísíkíìtì láé, kí n máa lo orúkọ náà lọ. Mo ní, "Fúnmi, mo fẹ́ dá a padà." Ó ní, "Kí ni kí n fi ṣe? Mo ní ọ̀kan." A rẹ́rìn-ín títí tí omi fi ń dà lójú mi. Kò sẹ́ni tó takò mí, kò sẹ́ni tó ń lé mi. Tí mo bá dákẹ́, mo ti di sítáàfù nìyẹn, ọmọ mi á máa rí ọsibítù lọ, títí ayé ni n ó sì máa jẹ́ Fúnmiláyọ̀. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè jẹ́ àtìmọ́lé. Thursday ń bọ̀. Mo gbààwẹ̀, Ìrètí náà ní òun gbà, ó gbà á títí di aago mẹ́jọ àárọ̀.

Mo wọlé bá màdáámù H.R. Ó ti to ìwé sílẹ̀, ó na bíírò sí mi. Mo rí orúkọ náà lókè, dúdú, tó dára. Mo bọ́ káàdì lọ́rùn, mo gbé e sórí ìwé náà.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni ẹni yìí."

Ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ìwọ kọ́ ni ta?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ta ló rán ẹ? Ṣé ẹnì kan ń halẹ̀ mọ́ ẹ ni?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà."

"O mọ̀ pé mo lè pe ọlọ́pàá báyìí?"

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀, o sì gbé e wá bá mi. Kí ló dé tó ò kàn dákẹ́?"

Mo ní, "Mo ti dákẹ́ fún ọdún mẹ́rin, mà. Jésù ti mọ̀ mí, mi ò lè máa sá fún yín mọ́."

Ó wá bi mí, "Kí ni orúkọ ẹ gan-an?" Mo sọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé mo sọ ọ́ sókè, àfi ìgbà tí akọ̀wé tó wà nítòsí gbójú sókè. Màdáámù ní, "Orúkọ ìyá ọkọ mi nìyẹn. Obìnrin tó le ni." Ojú ẹ̀ ò tú ká. Ó ní, "Máa lọ sílé. Má dé géètì yẹn títí n ó fi pè ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Gàrí la mu, a mu ún dáadáa. Tí fóònù bá dún, mo máa rò pé ọlọ́pàá ni. Síbẹ̀ mò ń kọrin. Àǹtí ìyá mi ní, "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ, o ń kọrin. Ṣé kò sí nǹkan?" Mo ní, "Àǹtí, ara mi fúyẹ́ ni."

Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, mo pe bàbá mi ní Èkìtì. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Morẹ́nikẹ́ ni, sà." Mo sọ ọ̀rọ̀ káàdì fún wọn. Mo tún sọ ohun tí wọ́n sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, pé ọ̀rọ̀ náà dùn mí, pé òun ló jẹ́ kí orúkọ Fúnmiláyọ̀ dùn mọ́ mi, àti pé mo ti dárí jì wọ́n, kí àwọn náà dárí jì mí. Wọ́n wá ní, "Morẹ́nikẹ́, ṣé ẹ ti jẹun?" Ọdún keje rèé tí wọ́n ti pe orúkọ yẹn gbẹ̀yìn. Mo ní, "A ti jẹun, bàámi." Gàrí náà ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ ṣáà ni.

Màdáámù pè mí ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ó ní àwọn ọ̀gá fẹ́ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, òun bẹ̀ wọ́n. Ó ní wọ́n ti fún ẹlòmíràn láyè tí wọ́n fẹ́ fún mi. Ọdún mẹ́rin tí mo fi ṣiṣẹ́, Fúnmiláyọ̀ ló ni ín, èmi ò ní kankan níbẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo ti rí ẹ tó ń kọ nọ́ńbà sára páálí fún ọdún mẹ́rin, mo mọ̀ pé o mọ̀wé. Tó o bá fẹ́, wá bẹ̀rẹ̀ bíi káṣúà lọ́jọ́ Monday. Kó o sì lọ tún ìdánwò ẹ ṣe." Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú fóònù létí, mo ń dúpẹ́. Mo ti wọ kíláàsì ìdánwò náà ní Agége, Saturday Saturday la máa ń ṣe é.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń retí kí n sọ pé wọ́n fi mí ṣe mánijà. Wọn ò fi mí ṣe mánijà. Káṣúà ni mí. Èmi ni mo kéré jù níbẹ̀, àwọn tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń to páálí ló ń rán mi níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Monday yẹn.

A tò ní géètì. Ẹni tó ń pe orúkọ mú ìwé jáde, ó pè é lọ, ó pè é bọ̀. Ó ní, "Morẹ́nikẹ́." Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Èmi náà ń wo ẹ̀yìn, mo ń wá obìnrin ọ̀lẹ tó pẹ́ dé yẹn. Ìyá Tóyìn gún mi nígbọ̀nwọ́, wọ́n ní, "Ìwọ ni wọ́n ń pè, Morẹ́nikẹ́." Mo ké "Present, sà" bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Sìkiọ́rítì ní, "Ó tó, kì í ṣe kóòtù." Mo gba géètì yẹn kọjá, mo dúró lẹ́yìn ẹ̀, mo sunkún ayọ̀ kí n tó wọ ìdí ẹ̀rọ. Sunday sáré bá mi, ó rọra bi mí pé, "Àǹtí, wọn ò tì yín mọ́lé?" Mo ní, "Ìgbà tí mo wà nínú ẹ̀ lẹ mọ̀ mí." Kò tíì sọ orúkọ ẹ̀ gan-an fún wọn. Ẹ bá mi rántí ẹ̀ nínú àdúrà.

Ẹ̀yin ará, ẹ dìde kẹ́ ẹ bá mi jó. Kì í ṣe torí ohun tí mo gbà, torí ẹni tí mo jẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá wà níbí tó ń fi orúkọ ẹlòmíràn bo ìtìjú ara ẹ̀, Jésù mọ tìẹ, kò sì tì Í lójú láti pè é. Ẹ yìn Ín fún mi, ẹ yìn Ín gidi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Monday náà, mo lọ mú Ìrètí ní ilé ìwé. Ó bi mí lójú ọ̀nà pé, "Mọ́mì, kí ni wọ́n pè yín lónìí?"

Mo ní, "Morẹ́nikẹ́."

"Ní géètì?"

"Ní géètì."

"Ṣé mo lè sọ fún tíṣà mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo di èjìká ẹ̀ méjèèjì mú. Mo ní, "Sọ fún tíṣà ẹ. Sọ fún ẹni tó ń ta súìtì. Orúkọ mọ́mì ẹ ni Morẹ́nikẹ́. Tẹ́nikẹ́ni bá tún ní kó o pè mí ní nǹkan míì, kódà kó jẹ́ èmi, má dá a lóhùn."